Irin Ni, Ẹ̀jẹ̀ Kọ́

Orí ni obìnrin kan fi ru ọ̀pá irin wọ ṣọ́ọ̀bù jórinjórin tó wà ní ìgboro Àkánrán. Kò fọwọ́ dì í mú, ọ̀pá náà kò sì mì. Ìpáàrà ti kun gèlè rẹ̀ àti èjìká bùláòsì funfun tó wọ̀. Ishaq, tó ń jó géètì lọ́wọ́, ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́.

"Ta ló ṣe irin yìí?" ni obìnrin náà bi í, bó ti sọ ọ̀pá náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán náà, mà."

"Mi ò tíì ráyè ìkíni. Ẹ wò ó ná."

Ishaq gbé e sókè. Àárín ọ̀pá náà gún régé. Ẹni tó lọ́ ọ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó wọnú ògiri ti jẹ, ó ń bó bí èèpo igi gbígbẹ. Ó mọ ọwọ́ tó lọ́ irin náà. Ní gbogbo agbègbè yẹn, bàbá rẹ̀ nìkan ló ń lọ́ irin sí apá òsì: Àlàájì Sàníù, tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó sì wà ní mọ́ṣáláṣí lásìkò náà.

"Bàbá mi ló ṣe é," ni ó wí.

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ ṣé tí ẹ kò purọ́. Ọ̀ṣunwùnmí ni mí, ọmọ Ṣàngówálé. Ilé wa ni wọ́n ń pè ní ilé ẹlẹ́jẹ̀."

Ta ni kò mọ ilé ẹlẹ́jẹ̀? Ilé funfun ni, ó kọjú sí ọ̀nà mọ́tò ní abúlé tó tẹ̀lé Àkánrán. Bí òjò bá ti rọ̀, omi pupa a máa ṣàn láti abẹ́ àwọn fèrèsé rẹ̀ wá sílẹ̀. Oníṣàngó àti ọlọ́ṣun ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn èèyàn sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ẹbọ ló ń sun jáde lára ògiri.

Ishaq mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí Ṣàngówálé wá fẹjọ́ sùn pé irin ojú fèrèsé òun ń dógùn-ún, Àlàájì Sàníù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ké kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Irin tèmi kì í sunkún. Lọ bi àwọn òrìṣà rẹ léèrè ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mu." Ọjọ́ náà ni Ṣàngówálé búra pé ẹnikẹ́ni láti ilé Sàníù kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé òun. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọ̀dà funfun bo àbàwọ́n náà, ọdọọdún ló sì ń yọ jáde. Ọ̀dà tí wọ́n ti fi ṣòfò sára ògiri kan ṣoṣo yẹn tó kun ilé mìíràn.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" ni Ishaq béèrè.

"Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó."

"Bàbá yín kò ní jẹ́ kí n wọlé."

"Ìta ni ògiri wà."

Nígbà tí Ishaq débẹ̀, orí àkàbà ló bá Ọ̀ṣunwùnmí. Omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun ló rọ sínú ike, ó ń fi fọ ògiri kíkankíkan. Dípò kí àbàwọ́n náà ṣí, ńṣe ló ń pọ́n sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni Ishaq wí. "Omi yẹn ń lé àbàwọ́n náà wọnú ògiri ni."

"Ó ń bó aṣọ."

"Ìdọ̀tí kọ́ ló wà níbí, irin ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló lè ká a. Ṣé a lè rí i ládùúgbò yìí?"

Ọ̀ṣunwùnmí wo ẹ̀yìn Ishaq, ó tún wo ojú rẹ̀. Irúgbìn ọsàn wẹ́wẹ́ ló tò lọ rẹrẹ nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ ni, àwọn àgbẹ̀ ló ń tà á fún. Igi ńlá tó ti ń mú irúgbìn náà sì so jìngbìnnì lẹ́yìn ilé.

"Àárín wọn lẹ gbà kọjá," ni ó wí. "Ṣé iná ìjórin ti ba ojú yín jẹ́ tó báyìí ni?"

Ishaq rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí bí omi abóṣọ bá pàdé ọsàn, èéfín rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́. Wọ́n jẹ́ kí ògiri gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún ọsàn, wọ́n po iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi rẹ àkísà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kékeré kan tí oòrùn kò dé, kí wọ́n lè dán an wò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi omi ṣàn án, ojú ibẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Ọ̀ṣunwùnmí kò hó, kò fò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Ó ti pẹ́," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "tí mo ti fọwọ́ kan ògiri bàbá mi tí ojú kò tì mí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà ti wọ Ishaq lára.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pa iná ìjórin nírọ̀lẹ́, ọ̀nà abúlé náà ló ń gbà lọ. Wọn yóò fọ díẹ̀, wọn yóò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Kí ni oríkì rẹ?" ni Ishaq béèrè lọ́jọ́ kan.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè máa fi tù ọ́ nínú nígbà tí o bá ń bínú."

"Àbẹ̀ní ni. Ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́. Tìrẹ ńkọ́?"

"Ìyàndá."

"Ìyàndá," ni ó tún un pè, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Ìyàndá, ìgbà wo lo máa gé àwọn irin yìí?"

Ishaq tẹjú mọ́ ògiri tó ń fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá fọ ògiri, tó fi irin sílẹ̀, àfọ̀túnfọ̀ ló ń fọ̀. Orí irin tó wà nínú ògiri ni omi òjò ń bá jà, nítorí bàbá òun rì í mọ́ ògiri láìfi ọ̀dà ìsàlẹ̀, tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kùn ún. Dandan ni kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wọn, ẹnìkan kì í gé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níta gbangba. Bí ìgbà tí èèyàn ń kéde pé ọwọ́ ọ̀gá òun kò mọ́ ni. Ọ̀gá Ishaq sì tún ni bàbá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àlàájì Sàníù fi pè é.

"Mo gbọ́ pé o ti di afúnsàn nílé Ṣàngówálé."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn."

"Ẹ̀sìn kọ́ ni mo máa bá ọ jà lé. Zubaidah ìyá rẹ tó ń lọ sí asalátù lónìí, agbo ilé eléégún ni mo ti mú un wá. Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìlú Ẹgbẹ́dá la ó ti ṣe ìdána, nínú gbọ̀ngàn. Mi ò ní jókòó níwájú ògiri yẹn. Bí o bá sì fi ayùn kan irin tí mo fọwọ́ ara mi lọ́, má padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo ṣì wà láyé, o kò ní gé iṣẹ́ mi lójú mi."

Ishaq rò pé ọ̀ràn ti yanjú. Bí ẹni tó gbé ìròyìn ayọ̀ lọ́wọ́ ló ṣe lọ bá Ọ̀ṣunwùnmí níbi tó ti ń bomi rin irúgbìn.

"Gbọ̀ngàn," ni ó wí nígbà tó gbọ́ ọ tán. "Ògiri bàbá mi wá ńkọ́?"

"Àbẹ̀ní, ògiri kì í lọ sí ìdána."

"Tèmi á lọ." Ó gbé agbè omi sílẹ̀. "Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọ̀dà bo ohun tó ń ṣe ilé wa. Mo rò pé o yàtọ̀. Ìwọ náà ti gbé agolo ọ̀dà tìrẹ dé. Kí gbogbo ayé wá jẹun ní Ẹgbẹ́dá, kí orúkọ bàbá mi sì máa jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nílé?" Ó mú búrọ́ọ̀ṣì lórí fèrèsé, ó nà án sí i. "Gba búrọ́ọ̀ṣì rẹ. Lọ fẹ́ ìyàwó tó wà nínú gbọ̀ngàn."

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e le koko. Ishaq ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára orí irin mọ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń kánjú, Àlàájì Sàníù sì ní kí Ishaq máa di irin fèrèsé oníbàárà náà sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, orí rẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà."

"Wọ́n á kùn ún nílé wọn."

Ishaq mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kùn ún. Ó rí ògiri mìíràn tí a kò tíì kọ́, tí yóò máa sun omi pupa, tí ọwọ́ tirẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ó gbé irin náà sílẹ̀. Ó sọ fún oníbàárà náà pé kó padà wá lọ́la.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ìrun, Ishaq ti wà lórí àkàbà níwájú ilé Ṣàngówálé, ayùn irin sì ń ké. Ọ̀ṣunwùnmí jáde, ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

Èrò dúró lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan pariwo: "Ishaq, ṣé wọ́n ti fún ọ mu nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni?"

Ishaq na irin tó ti jẹ sí i. "Wá lá a. Bó bá dùn bí ẹran, pè mí."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí Àlàájì Sàníù dé. "Sọ ayùn yẹn sílẹ̀."

Ishaq sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde. "Bàbá, irin yín dára. Ibi tí kò rí ọ̀dà nìkan ni mò ń gé. Mi ò ní ju ìyókù nù."

"Má dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá." Ó tún gun àkàbà.

Ṣàngówálé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tó yá, ó gbé omi mímu wá sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé padà. Kò pè é wọlé, kò sì lé e.

Ishaq fi sáńpépà ha àwọn irin náà títí ara wọn fi dán. Ó yá ẹ̀rọ ìjórin, ó jó orí tuntun mọ́ wọn, ó fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kùn wọ́n tinú tẹ̀yìn, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún un kùn. Ìgbà náà ló tó dá wọn padà, ó sì dí etí ihò kọ̀ọ̀kan pinpin. Ó fi sìmẹ́ńtì mú ìsàlẹ̀ fèrèsé dagẹ̀rẹ̀ síta, ó sì yọ ètè fún un, kí omi má baà dúró níbẹ̀, kó sì máa kán sílẹ̀ jìnnà sí ògiri. Òun àti Ọ̀ṣunwùnmí wá fi ọsàn fọ ìyókù àbàwọ́n. Wọn kò kun ògiri náà rárá. Ó wà bẹ́ẹ̀, ó ń dúró de òjò.

Òjò náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ó rọ̀ bí ẹni tó wá jẹ́rìí. Àwọn èèyàn sá sábẹ́ páànù kárí ọ̀nà, ojú gbogbo wọn sì wà lára ilé funfun náà. Ishaq dúró nínú òjò, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó wọlé. Ṣàngówálé jáde sínú òjò náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ fèrèsé, ó gbé e sójú, ó wò ó.

"Omi ni," ni ó wí.

Ó gbójú sókè, ó rí ẹnìkan lábẹ́ agbòòrùn lójú ọ̀nà. "Sàníù, mo rí ọ. Wá wò ó níbí."

Àlàájì Sàníù wá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó fọwọ́ kan irin tó lọ́ sí òsì. Abẹ́ eyín ló ti wí i: "Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni mi ò kùn."

Ọ̀ṣunwùnmí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ohùn tí ẹ fi pè é ní ẹ̀jẹ̀ dé inú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn yẹn náà la fẹ́ gbọ́."

Ishaq rò pé bàbá òun yóò yí padà lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà pa agbòòrùn rẹ̀ dé, ó kọjú sí ọ̀nà, òjò ń lù ú. "Irin ni!" ni ó ké. "Ẹ̀jẹ̀ kọ́! Ọwọ́ mi ló ṣìṣe, orí irin ni mi ò kùn!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún yíjú sí Ṣàngówálé. "Ọmọ mi fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ. Iwájú ilé yìí la ó jókòó sí, bí o bá gbà."

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ló wà níbẹ̀ yẹn," ni Ṣàngówálé wí. "Bi í."

Ọ̀ṣunwùnmí ti dìde. Kò wo èyíkéyìí nínú àwọn bàbá náà. Ó na ọwọ́ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ sí Ishaq, lójú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ páànù.

"Ìyàndá, wọlé. O ti rẹ tó."

Ishaq gbá ọwọ́ náà mú, kò sì jọ ẹni tó máa fi í sílẹ̀ mọ́. Àlàájì Sàníù tẹ̀ lé wọn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹnu ọ̀nà.

"Sàníù," ni Ṣàngówálé wí lẹ́yìn rẹ̀, "nu ẹsẹ̀ rẹ ná. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilé yìí ni."