Orúkọ Tí Ìyá Àfíwá Ń Pè É

“Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ mi, má sì kọ ibi tí mo wà.”

Àfíwá ló sọ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí yunifọ́ọ̀mù mi ti ya nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àgbàdo. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn.

“Mo gbọ́,” ni mo wí. “Mo ṣèlérí.”

Kí n má parọ́ fún yín, mi ò gbàgbé ìlérí yẹn rárá. Mo rántí ẹ̀ dáadáa kí n tó bà á jẹ́.

Ọdún 2006 ni. Mo wà ní SS2 nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìfọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí, tó ń kọ́ wa nípa ìjọba, ní kí kálukú wa lọ wá ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ran àwọn àjòjì lọ́wọ́ lágbègbè wa, àwọn ará Tógò àti ará Kútọnu tó ń bá wa gbé, kí a sì ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ wọn. Ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa ní Abẹ́òkúta.

Ìyá Ọmọ́níkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló mú mi lọ sílé ẹgbẹ́ tiwọn lẹ́yìn ojú irin ní Àgbàdo. Òun àti ìyá méjì mìíràn ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àjòjì ní iṣẹ́ aránṣọ, wọ́n ń gbé aláìsàn wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ń bá àwọn tó sọnù wá ẹbí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àfíwá, ẹgbẹ́ mi gan-an. Obìnrin kan ló mú un wá láti Tógò, ó ní òun á fi í sílé ìwé. Ilé ìwé wo! Ó fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé kan ní Mówè. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o lọ́wọ́ ló sá. Obìnrin tó mú un wá kò sì yéé wá a kiri.

“Rósì ni obìnrin yẹn ń pè mí,” Àfíwá wí. “Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àfíwá. Àwọn màmá ilé yìí ni mo sọ ọ́ fún, àti ìwọ.”

Ẹgbẹ́ náà ti rí ìyá rẹ̀ ní Tógò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí fọwọ́ gbá tábìlì.

“Ìwádìí tí kò lórúkọ, tí kò ládírẹ́sì, ìtàn ìjàpá ni! Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó hun tiẹ̀ jọ. Máàkì mẹ́wàá ni màá yọ!”

Ǹ bá ti dìde sọ fún un pé mo ti ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó dí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Olúwadámiláre, tó ti ń ṣe ipò kìíní tí èmi ń ṣe ìkejì láti JSS1, bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. 

Ọ̀rẹ́ mi Ummulkhair bá mi níbi tí mo ti ń da iṣẹ́ mi kọ.

“Mọ́láyọ̀, o ní ọmọ yẹn bẹ̀ ẹ́ o.”

“Ògúnkànmí nìkan ló máa kà á.”

“Ẹyin lohùn. Tó bá balẹ̀...”

“Ó tó, ìyá àgbà!” Mo yọ ṣùtì sí i, mo sì kọ ọ́: Àfíwá, ọmọ Tógò, ọlọ́wọ́ jíjó, òpópónà báyìí, ilé báyìí.

Mo gba ipò kìíní. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, mo rí iṣẹ́ mi lára pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Orúkọ Àfíwá hàn gbangba lára rẹ̀. Kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ láti lọ bẹ olùkọ́ wa kó yọ ọ́. Àmọ́ bàbá mi, tí kì í wá sí ìpàdé kankan, dúró níwájú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ké pé, “Ọmọ mi ló kọ èyí o!” Mo dúró tì í, mo ń jẹ ìgbádùn ìyìn.

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn bàbá mi yíjú sí mi.

“O káre. Ọmọ Tógò yìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ni mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé ẹ̀bùn mi dání, mo gba Àgbàdo lọ láti fi han Àfíwá. Ìyá Ọmọ́níkẹ́ ni mo bá nídìí máṣíìnì rẹ̀. Kò rán nǹkan kan.

“Wọ́n ti mú un lọ,” ó wí. “Obìnrin yẹn àti ọkùnrin kan. Mo gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù láàárọ̀ Ọjọ́rú. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sọ pé obìnrin náà kò pe Rósì o. Obìnrin náà dúró níta, ó pe Àfíwá. Ọmọ mi rò pé ìyá òun ló dé. Ó sáré ṣílẹ̀kùn láìwọ bàtà.” Ó wò mí. “Ta ló sọ orúkọ yẹn fún wọn, Mọ́láyọ̀?”

Mo jẹ́wọ́. Kò gbá mi létí, ó wù mí kó gbá mi. Ó kàn ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n ti fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹnikẹ́ni mú. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí, ó lọ fa ìwé náà ya fúnra rẹ̀. “Èmi náà jẹ̀bi,” ó wí. Mi ò lọ sí Abẹ́òkúta mọ́.

Ìyá Àfíwá dé lọ́jọ́ tó dá. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Mà, èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀.” Kò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló ń túmọ̀. Ọmọbìnrin náà wò mí pẹ́, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan ní èdè wọn. Ìyá náà fà mí dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó sì ń súre fún mi.

“Kí lo sọ fún un?” mo bi ògbifọ̀ náà.

“Mo ní ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ẹ́. Ẹkún tó ti sun ti tó.”

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá fi àṣírí rẹ̀ sí wa lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi sí wa lọ́wọ́. Kò sí ipò kìíní láyé yìí tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ tà á.

A kò rí Àfíwá títí di òní. Yunifọ́ọ̀mù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo etí rẹ̀ ló ti tú, àfi ibi tó rán.