Fíìmù Tó Wà Nínú Kámẹ́rà Bàbá Adéyẹyè

Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, fèrèsé kò fọ́, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù wà ní ààyè wọn. Kámẹ́rà àtijọ́ kan ṣoṣo ni kò sí lórí pẹpẹ mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Tẹjúmọ́lá Abórìṣàdé dúró láàárín pálọ̀ Bàbá Adéyẹyè ní Àjàó Estate, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin tí kò fẹ́ràn àsọdùn ni. Bí ìdáhùn kan bá ti tó, kì í béèrè èkejì.

"Ọjọ́bọ̀ ni, ọmọ mi," ni bàbá náà wí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. "Mo sùn lọ́sàn-án, mi ò ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jí, ó ti lọ."

"Ẹ sì dúró di òní kí ẹ tó wá sí tésàn?"

"Mo kọ́kọ́ tú gbogbo ilé. Àgbàlagbà kì í pariwo olè láìtíì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé kámẹ́rà náà wọ́n púpọ̀ ni?"

"Kí wọ́n máa gbé kámẹ́rà lọ. Fíìmù inú rẹ̀ ni mò ń wá." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tí àìsàn ti mú irun Felicia ìyàwó mi lọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò òun mọ́. Ọjọ́ kan péré ló gbà fún mi. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Mi ò tíì fọ fíìmù náà, ọkàn mi ò gbà á. Bí olè yẹn bá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà pẹ́nrẹ́n, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, gbogbo rẹ̀ á jóná. Ìyàwó mi á kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Inspẹ́kítọ̀ gbójú sókè kí ó má baà wo ojú rẹ̀. Àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri ló rí. Ó fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan wò wọ́n, ó fi mẹ́wàá. Ojú irin Òṣòdì wà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, òkúta ìdí rẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ìlà ojú rẹ̀ dà bí ipa odò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, síbẹ̀ tí ẹ̀rín ń bọ̀ lábẹ́ wọn.

"Fíìmù rẹ̀ ló fẹ̀," ni Bàbá wí. "Ó fẹ̀ ju ti kámẹ́rà kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kò sí ohun tí kì í gbà. Ṣùgbọ́n fọ́tò méjìlá péré ló ń yà. Ẹni tó ní méjìlá kì í fi títẹ̀ ṣeré."

Ó mú kámẹ́rà mìíràn jáde, irú kan náà, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó fi kọ́ Inspẹ́kítọ̀ lọ́rùn, ó ní kó wo gíláàsì tó wà lókè rẹ̀ láti àyà. Tẹjúmọ́lá tẹ orí ba. "Háà!" Ojú bàbá náà wà nínú gíláàsì bí òṣùpá inú omi. Bàbá rìn sí ọ̀tún. Inspẹ́kítọ̀ yí láti bá a lọ, bàbá náà sì sá jáde nínú gíláàsì pátápátá.

"Òdì ló ń fi hàn," ni Bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí mo bá lọ sí ọ̀tún yín, gíláàsì á ní òsì ni mo lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ kí ọwọ́ mi tó gbà."

Inspẹ́kítọ̀ kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló wọ ilé náà ní Ọjọ́bọ̀. Morọ́lá, ayálégbé òkè tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, wá gba kọ́kọ́rọ́ géètì.

"Kí ni màá fi í ṣe, mà?" ló bi Inspẹ́kítọ̀. "Fóònù mi ń ya fọ́tò tó mọ́ jù ú lọ, kò sì wúwo lọ́rùn mi bí ọlọ ata."

Ẹnì kejì ni Ashraf, tó ń tún kámẹ́rà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì.

"Àǹtí, ọdún mẹ́sàn-án ni kámẹ́rà yẹn ti ń wá sọ́wọ́ mi. Ta ló ń dá ẹrù padà lọ́dọọdún kó tó wá jí i?"

"Olè tó ní sùúrù."

Ashraf bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ mú mi! Mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa, mi ò sẹ́. Àmọ́ mi ò gbé e."

Ẹnì kẹta ni Kọ́láolúwa Ọláyanjú, tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Àfá. Ó wá kí Bàbá ni, ó bá a lójú oorun, ó sì padà.

"Fọ́tò ẹgbẹ̀rún méjì ni mò ń yà lóde ìgbéyàwó kan," ló fi yangàn.

"Mélòó ló dára níbẹ̀?"

"Èèyàn máa ń rí nǹkan ṣà, mà."

"O ti lo irú kámẹ́rà Bàbá rí?"

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án rí, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń gbà wò ó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Inspẹ́kítọ̀ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí pálọ̀ Bàbá. Ó gbé kámẹ́rà tí kò ṣiṣẹ́ náà jáde. "Èmi á máa rìn. Kí kálukú fi mí sí àárín gíláàsì."

Morọ́lá gbé e sójú, kò rí nǹkan kan, Ashraf ní kó yáa gbé e sétí bóyá á gbọ́ redíò. Nígbà tó wá wò ó láti òkè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Inspẹ́kítọ̀ sọnù mọ́ ọn lójú. Ashraf ṣe tirẹ̀ láìsí wàhálà.

Kọ́láolúwa náà kọ́kọ́ gbé e sójú, ó ní, "Ibo ni ihò rẹ̀ wà?" Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kalẹ̀ sáyà. Inspẹ́kítọ̀ rìn sí ọ̀tún, ó dúró, ó yí sí òsì lójijì, ó tẹ̀ba, ó dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bá a lọ wẹ́rẹ́, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ ti tutù, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun wà níwájú ọlọ́pàá.

"Ó tó," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Kọ́láolúwa, mú wa lọ síbi tí kámẹ́rà náà wà."

"Mà? Kí ni mo ṣe?"

"O ṣe é dáadáa, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nìyẹn. Ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí máa ń bá àwòrán sáré síbi tó sá sí, bí Morọ́lá ti ṣe, bí èmi náà ti ṣe lánàá. Ọwọ́ rẹ ti kọ́ òdì náà. Bí o bá ti kọ́ ọ níbòmíràn, wàá sọ bẹ́ẹ̀, bí Ashraf ti sọ ọ́. Kí ló dé tí o fi parọ́ lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí kò bá ní ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn?"

Kọ́láolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ mi, ẹ ní mi ò ní sùúrù. Mo ní kí n kàn lò ó lọ́jọ́ kan kí n dá a padà. Nígbà tí mo wo inú gíláàsì yẹn... ọjọ́ kan di márùn-ún."

Bàbá kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. "Ṣé o ṣí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo mọ̀ pé Mọ́mì wà níbẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ fún mi rí. Ó ku fọ́tò kan. Mo yà á ní Òkè-Àfá, láàárọ̀ àná."

Nínú àpótí aṣọ ni wọ́n ti bá kámẹ́rà náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá fọ fíìmù. Inspẹ́kítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Bàbá fi gbé e kọ́ síbi ìmọ́lẹ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀. Mọ́kànlá ni Felicia, orí rẹ̀ láìsí irun, ọrùn rẹ̀ gún régé bí ti ọbabìnrin. Nínú ọ̀kan, ó ń yọ ahọ́n sí ọkọ rẹ̀. Bàbá Adéyẹyè rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn.

Lẹ́yìn náà ló dé orí ìkejìlá. Ìkúukùu bo omi Òkè-Àfá, ọkùnrin kan sì dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń fa yanrìn sókè; okùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni oòrùn bà. Bàbá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó pẹ́.

"Kó lọ jẹ́jọ́ rẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Mi ò ní fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé olè ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé ogójì ọdún ni mo fi ń ya omi yẹn, mi ò yà á tó báyìí rí."

Inspẹ́kítọ̀ kọ ti àkọ́kọ́. Ó yẹ ìwé ẹjọ́ náà wò lókè àti nísàlẹ̀, kò rí àyè tí ìjọba fi sílẹ̀ fún èkejì. Ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé.