Owó Ìwádìí Ọjọ́ Ogbó Wà fún Ẹni Tó Ṣì Ń Kọ́ṣẹ́

Ìyá àgbà ń ti yàrá bọ̀ wá sí pálọ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í bóyá ó ti lo oògùn àárọ̀. Ìyá dúró. Ó fọwọ́ di igi ìdìmú ara ògiri, ó ní òun ti lò ó, kó tó tún gbé ẹsẹ̀.

Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí o bá bá Ìyá sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń rìn, àfi kó dúró kó tó dá ọ lóhùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tó kan igi ìdìmú náà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu Ìyá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ kan náà. Ìyá á ní kó lọ bá pákó rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ìyẹn kì í rìn rárá.

Àbúrò káfíńtà yìí, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ oògùn, dókítà ni. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣubú nílé kí wọ́n tó gbé wọn wá ló ń ṣe bíi ti Ìyá. Ó fẹ́ wádìí bóyá ìdánrawò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa rìn kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀, kí ìṣubú lè dín kù. Àmọ́ àtàárọ̀ dalẹ́ ló fi ń wo aláìsàn. Kò ráyè.

Àjọ kan wà tó ń fi owó ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó lọ́wọ́. Dókítà kọ ìwé béèrè owó náà, wọn ò mú un. Ló bá délé, ó ní ó ti tó. Ilé ìwòsàn àdáni kan tí wọ́n ti ń tún awọ ojú ṣe ń pe òun, òun sì máa lọ. Ó ní owó ìwádìí yẹn, ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Káfíńtà ní kò burú, ó kéré tán awọ ojú kì í ṣubú. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa wá wo ti ẹsẹ̀ wa?"



Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá Dókítà níbi iṣẹ́, dókítà àgbà obìnrin kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Màmá Má-fọ̀rọ̀-gùn. Ó ní kó mú ìwé tó kọ wá. Nínú yàrá kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń jẹun, Màmá ti abọ́ ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́, ó kà á títí dé òpin.

"Mi ò rí ọ níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni mo rí, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ṣé o mọ ìṣirò tí wọ́n fi ń yẹ irú ìwádìí yìí wò?"

"Rárá, mà."

"Níbo lo kọ ìyẹn sí?"

"Mo fi pamọ́ ni, mà. Mo rò pé wọ́n á ní mi ò tíì tó."

"Ẹni tó ti tó, kí ni wọ́n fẹ́ fún un lówó ìkọ́ṣẹ́ fún?"

Màmá wá là á yé e. Ó ní owó kan wà fún iṣẹ́, òmíràn wà fún ẹni tó fẹ́ di oníṣẹ́, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì sì ni èyí. Àjọ náà máa san owó àkókò rẹ, kí ilé ìwòsàn lè fi ẹlòmíràn sípò rẹ ní àwọn wákàtí tí o bá fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò fẹ́ mọ ohun tí o kò mọ̀ àti ẹni tó máa kọ́ ọ. Ó bi í kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọn ò mú un. Dókítà jẹ́wọ́ pé òun ò kà kọjá ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà wọn. Àwọn méjèèjì jọ kà á. Ohun tí Màmá ń sọ náà ló wà níbẹ̀: kò sí olùkọ́, kò sí ètò ẹ̀kọ́.

Dókítà lọ bá olùkọ́ ìṣirò kan ní yunifásítì, ìyẹn gbà láti kọ́ ọ. Màmá gbà láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀gá ilé ìwòsàn gbà láti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ó wá tún ìwé náà kọ, láìfi ọ̀rọ̀ ńlá sí i. Ó kọ ọ́ gbangba pé òun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìrìn èèyàn, ó sì kọ ibi tí òun ti máa kọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, wọ́n mú un.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Ìyá, ló bá sọ fún un. Ìyá dúró, ó di igi mú, ó rẹ́rìn-ín.

"Bí o bá kọ́ ọ tán, èmi ni kó o kọ́kọ́ wá kọ́."

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ń jẹ lógún, má ṣe rò pé owó yìí kì í ṣe tìrẹ. Wá olùtọ́sọ́nà kó o tó kọ ohunkóhun. Bá ibi iṣẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ nípa àkókò. Bí wọn ò bá mú ọ, ka ìdí rẹ̀ dópin, kó o sì tún un kọ. Kọ ohun tí o kò mọ̀ síbẹ̀, má fi pamọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ sanwó fún nìyẹn.