Ọkùnrin Tó Ń Dáhùn Kí Igi Tó Débẹ̀

Ọkùnrin kan dúró níwájú pátákó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò. Ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ètè rẹ̀ sì ń mì bíi ti ọmọ iléekéwú tí alífáà fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ àná lẹ́nu rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó dé fìlà funfun kan tó mọ́ ju ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ lọ. Ohun tí Roqeebah kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́jọ́ tó lọ tún láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ gbà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ká má parọ́, ọkùnrin náà wù ú wò.

Roqeebah ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé ní Ire-Akari. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Ọkùnrin kan ti pè é ní ayaba rí, ó pè é ní òṣùpá, ó ní Roqeebah lèémí òun, ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíì ní Mushin. Látìgbà náà, bí ọkùnrin bá ti ń dárà sí ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ló máa ń wá nínú báàgì.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ ra pátákó yẹn ni?"

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń kí i ni, Àǹtí. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni wá."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí i o."

Wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Súbérù lorúkọ rẹ̀, ará Ìwó ni. Lọ́rì ló ń wà fún Alhaji Ṣàmsúdéènì, tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Industrial Estate Ìsọlọ̀. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú, Alhaji sì ti sọ fún un pé bí kò bá rí tuntun, òun á gbé lọ́rì fún ẹlòmíì. Ó ra omi inú ọ̀rá méjì, ó na ti Roqeebah sí i kó tó já tiẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wa bọ́ọ̀sì wọlé lẹ́ẹ̀kan, àbí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Mo gbọ́ ọ. Jíà ò ké rárá. Ẹ mọ ọkọ̀ọ́ wà."

Nínú gbogbo ìyìn tí ọkùnrin ti yin Roqeebah rí, èyí nìkan ló wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó kan Súbérù, ó lọ dúró sídìí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú kan. Lẹ́tà E ló kún ara pátákó náà, òmíràn kọ ẹsẹ̀ sókè, òmíràn kọ ọ́ sísàlẹ̀, òmíràn sí ọ̀tún, òmíràn sí òsì. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ojú wò á fi igi tọ́ka sí ọ̀kan, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á sọ ibi tó kọ ẹsẹ̀ sí.

"Òkè," ni Súbérù wí. "Ọ̀tún. Ìsàlẹ̀. Òsì. Òsì. Òkè."

Kò ṣì ọ̀kan. Àmọ́ Roqeebah, tó kù kó kàn, rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Igi ṣì wà lórí ẹ̀kẹta nígbà tí Súbérù ti dáhùn ẹ̀kẹrin. Igi ṣì ń lọ sí ẹ̀karùn-ún, ó ti dé ẹ̀kẹfà. Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí ń ríran. Ó há pátákó náà sórí ni.

Ọkàn Roqeebah ní, "Panu mọ́. Kò kàn ọ́. Ó fún ọ lómi." Ó rántí lọ́rì tó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ láàárọ̀, táwọn ọmọ á nawọ́ síta fèrèsé, tóun á máa pariwo pé kí wọ́n fà á wọlé. Ẹnu rẹ̀ là kó tó mọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tò ó. Ẹ fi igi yín fò."

Òṣìṣẹ́ náà wò ó, ó wo Súbérù, ó wá gbé igi lọ sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Òkè," ni Súbérù wí. Ìsàlẹ̀ ni.

Ó gbé e lọ sí òmíràn. "Ọ̀tún." Òsì ni.

Òṣìṣẹ́ náà gbé igi kúrò lára pátákó, ó na án sófìfo lásán. "Èyí ńkọ́?"

"Òsì," ni Súbérù wí.

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ láti ìdí ìlà títí dé ẹnu ọ̀nà. Roqeebah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà ò bú ọkùnrin náà. Ó ní kó lọ ṣe ojú rẹ̀, kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó padà wá.

Nígbà tí Roqeebah ya fọ́tò tán tó jáde, Súbérù ń dúró lẹ́bàá ògiri.

"Obìnrin yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí ló dé tó o fi dójú tì mí láàárín èrò?"

"Torí pé ẹ ò tíì ṣe mí ní nǹkan kan ni. Ọ̀nà kan náà lèmi àtàwọn ọmọ tí mò ń gbé jọ ń gbà pẹ̀lú yín."

"Alhaji máa gba lọ́rì lọ́wọ́ mi!"

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú."

"Kí n wọkọ̀ rẹ? Kó o tún lọ fẹjọ́ mi sun dókítà?"

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bọ́ sí títì, ó nawọ́ sí ọkọ̀ kan pé kó dúró. Ọkọ̀ náà dúró lóòótọ́. Roqeebah wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó tẹ fèrè.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí lẹ dá dúró yẹn!"

Súbérù dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Roqeebah ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí tó fi yíjú padà, tó rí i pé méjèèjì ni. Ó rìn bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lórí ìjókòó ọmọdé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

Alhaji kò dúró kí awò ojú délẹ̀. Ó ní lọ́rì òun kò gbé olójú mẹ́rin, ó sì gbé e fún ẹlòmíì. Nígbà tí fóònù Roqeebah dún lọ́jọ́ tí Súbérù gba awò náà, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú.

"Mo ti rí wáyà iná," ni Súbérù wí.

"Wáyà wo?"

"Wáyà tó wà láàárín àwọn òpó. Ó pọ̀ bí òwú lórí òfì. Mo ti rò pé àwọn òpó kàn dá dúró lásán ni."

Roqeebah fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Súbérù gba láísẹ́ǹsì tuntun, ó rí ọkọ̀ búrẹ́dì kékeré kan wà. Ó di pé lọ́sàn-án, bí Roqeebah bá ti já ọmọ tó kẹ́yìn sílẹ̀, yóò bá a níwájú ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì Jakande, búrẹ́dì gbígbóná kan lọ́wọ́ rẹ̀. Súbérù á yí bọ́ọ̀sì ká, á ní, "Táyà ẹ̀yìn yìí ń fẹ́ atẹ́gùn." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tiẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n."

"Yéé pè mí ní ẹ. Ṣé bàbá rẹ ni mí?"

"O ṣé, ìwọ Súbérù. Ṣó ti tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Lọ́jọ́ kan, Súbérù bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó dé e padà, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lò ń wò?"

"Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, mo rò pé o rẹwà."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Ní báyìí, mo rí i pé o ní àpá kékeré kan lágbọ̀n."

"Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ fún obìnrin nìyẹn?"

"Àpá náà wà níbẹ̀. Ó sì wù mí."

Roqeebah fi ọwọ́ bo àgbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná. Kò wá kọ́kọ́rọ́ kankan nínú báàgì.

Ìyá rẹ̀ ló da omi tútù sí i. Alhaja Wàsílátù ń ta aṣọ fèrèsé ní Oshodi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn ọkọ̀ ti ń yíjú padà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ọkùnrin tó o dójú tì ní gbangba, tó tìtorí rẹ pàdánù lọ́rì, ló wá ń gbé búrẹ́dì wá fún ọ? Roqeebah, ẹ̀san ló fẹ́ gbà. Á fẹ́ ọ sílé, á wá máa san án fún ọ díẹ̀díẹ̀."

"Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ti bínú sí ọ rí látìgbà náà? Ṣé ó ti dárúkọ lọ́rì náà rí?"

Roqeebah rò ó. Súbérù ò dárúkọ lọ́rì rí. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ìbínú tó jáde ti tán nìyẹn. Èyí tí kò jáde ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà míì kúrò ní Jakande. Fóònù á dún, kò ní gbé e.

Súbérù ò fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó wá bá wọn nílé Alhaja lọ́jọ́ Sunday, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Alhaja ò ní kó jókòó.

"Ọmọ mi gba lọ́rì lọ́wọ́ rẹ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò bínú?"

"Mo bínú, mà. Mo bínú títí di ọjọ́ tí mo lọ kó ẹrù mi nínú lọ́rì náà. Mo gòkè jókòó, mo dé awò ojú, mo wo dígí ẹ̀gbẹ́. Mo rí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́yìn táyà, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń ti lọ́rì sẹ́yìn láràárọ̀ ni, mà. Mo ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀. Mo rò pé àpò ni."

Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.

"Bí mo bá dárúkọ lọ́rì yẹn, obìnrin náà ló máa ń wá sí mi lójú. Ìdí tí mi ò fi ń dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Roqeebah ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mà. Ó gbà mí ni."

Ọkàn Roqeebah ti ń dìde láti lọ bá a. Àmọ́ Alhaja ti ta ọjà pẹ́ ju kó ra ohun tí kò fọwọ́ kàn.

"Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìyẹn," ló wí. Ó fa ìborùn rẹ̀. "Roqeebah, mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wo obìnrin náà."

Wọ́n bá a ní Industrial Estate, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí Súbérù júwe. Ìdí ògiri lódìkejì ọ̀nà ló wà, wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí àtẹ rẹ̀ ká. Ìyá Alameen ni wọ́n ń pè é. Bó ti rí Súbérù, ó pàtẹ́wọ́.

"Oníwàhálà! Ṣé o tún wá dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ?" Alhaja bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í! Mo jókòó jẹ́ẹ́ mi, ọkùnrin yìí sáré sọ̀ kalẹ̀ látinú lọ́rì, ó dojú bolẹ̀ nínú eruku, ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní kí lo ṣe? Ó ní òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó gbé àtẹ mi, ó gbé àga mi, ó gbé Alameen, ó kó gbogbo wa wá síbí. Ọjọ́ kejì, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù yìí. Kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi títí dòní."

Alhaja wo búlọ́ọ̀kù náà. Ó wo Alameen, tó ń fi èèpo ẹ̀pà kọ́lé. Bóyá ó ń ro àtẹ tiẹ̀ ní Oshodi, àti àwọn ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táwọn tó ń wà wọ́n ń rí i bí àpò. Ó rọra jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ní kí wọ́n wọn ẹ̀pà fún òun. Ó bó o, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́, kò jẹ ẹ́. Ó na án sí Súbérù.

"Gbà, jẹ."

Súbérù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Àwọn èèyàn rẹ ní Ìwó, ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá kí wa?"

Ẹ̀pà há Súbérù lọ́fun. Ìyá Alameen ló fún un lómi.

Wọ́n fi Alhaja sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tóun àti ìyá ẹlẹ́pà ti ń jiyàn lórí ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà wọ ẹ̀pà, wọ́n rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Roqeebah bi í.

"Ojú ń tì mí. Mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́."

"Ta ló béèrè ọ̀rọ̀ dídùn lọ́wọ́ rẹ?"

"Roqeebah, mi ò ní lọ́rì mọ́. Ọkọ̀ búrẹ́dì, ẹlòmíì ló ni ín. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, ní Ìsọlọ̀, òjò sì ń jò síbẹ̀ lápá kan."

"Èmi náà ní yàrá kan. Tèmi ò jò."

"Ó wá di méjì."

"Rárá o," ni Roqeebah wí, ó fi èjìká gbá a. "Ó di ọ̀kan. Èyí tí kò jò."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Àwọn ará Ìwó wá, àwọn ará Ìsẹ́yìn wá. Ìyá Alameen gbé ẹ̀pà wá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó. Nígbà tí alífáà ṣàdúrà tán, Roqeebah ò rí nǹkan kan tọrọ mọ́. Ó kàn ń dúpẹ́ ni.