Èémí Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ torí pé ó ń fọ́, ọrùn ni yóò jókòó tì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ládùúgbò Ailegun ní Èjìgbò ni Ameenat ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní yógà, ìyẹn nína ara àti mímí fún ìlera, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé. Ẹní mẹ́sàn-án ló ń tẹ́ sílẹ̀, á ṣí fèrèsé méjèèjì. Kò sí ère, kò sí tùràrí. Ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn wà níbẹ̀, dẹ́rẹ́bà tí kì í rí oorun sùn wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bùràímọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn méjìlá péré ló gùn, àmọ́ ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Dókítà ló ní kí n wá."

"Ẹ jókòó ná. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Mo kàn fẹ́ ṣàlàyé..."

"Ẹ ti ń ṣàlàyé láti orí àtẹ̀gùn. Gbogbo wa la gbọ́ yín."

Àwọn tó wà lórí ẹní bú sẹ́rìn-ín. Bùràímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú kan lọ́nà Ìsọlọ̀. Eruku òwú ti wọ̀ ọ́ láyà, ó ti fi ibẹ̀ ṣelé. Ameenat kò tàn án.

"Èmi kì í ṣe dókítà o. Ẹ ò gbọdọ̀ fi oògùn yín sílẹ̀. Ohun tí eruku ti bà jẹ́, mi ò lè tún un ṣe. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà yín nígbà tí èémí bá há, oorun tó sá lójú yín, èjìká yín tó le bí pákó yìí, a lè jọ tọ́jú ìyẹn. Gbogbo ara ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe àyà nìkan."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fi imú fa èémí wọlé títí ikùn yóò fi yọ, kí wọ́n wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, Bùràímọ̀ ti ń sùn. Nígbà tó di oṣù mẹ́fà, kì í ṣe torí èémí nìkan ló ṣe ń gun àtẹ̀gùn mọ́.

"Olólùfẹ́ mi, ìwọ lo fún mi lóorun," ó sọ. "Tí mo bá jí, ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ máa rí."

"Ojú mi láàárọ̀ kì í dáa o."

"Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i."

Ameenat fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bà á lẹ́rù. Ìyá Bùràímọ̀, Ìsíátù, opó ará Ìsẹ́yìn tó ń ta abọ́ lọ́jà Èjìgbò, náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Ìyàwó mi" ló ń pè é. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdáná.

Àṣìṣe kékeré kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Bùràímọ̀ ní iye èémí ń dàrú mọ́ òun lójú. Ameenat ní kó wá nǹkan máa fi kà á, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò béèrè ohun tó máa lò. Bùràímọ̀ bá mú tẹ̀sùbáà tí bàbá rẹ̀ mú ti Mẹ́kà bọ̀, tó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ tọjà dé. Ó bá a tó ká ẹsẹ̀ jókòó, ó dijú, ọmọ tẹ̀sùbáà ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò mì.

"Àkànní, kí lò ń kà?"

"Èémí mi ni, Màmá."

"Tẹ̀sùbáà bàbá rẹ lo fi ń ka èémí? Orúkọ Ọlọ́run dà ńbẹ̀?"

"Ameenat ló ní kí n máa kà á."

Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ pé òun fúnra òun ló yan tẹ̀sùbáà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìsíátù dúró láàárín ẹní mẹ́sàn-án. Ameenat wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé ẹbọ ni yógà yìí, mo ní rárá, ọmọ mùsùlùmí ni ọ́. Àṣé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un!"

"Màmá, mi ò mọ̀ pé tẹ̀sùbáà ló mú. Ẹ forí jì mí."

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, o ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bùràímọ̀ pe Ameenat lórí fóònù lẹ́yìn ìyẹn.

"Ìyá mi nìkan ni mo ní, Ameenat. Ó ti fi mí búra."

"Ṣé ò ń mí dáadáa?"

"Ó ní kí n má ṣe é mọ́."

Ìbànújẹ́ dorí Ameenat kodò. Oṣù márùn-ún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló gbọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà lórí àtẹ̀gùn. Ìsíátù ni. Ó ti rù.

"Àyà rẹ̀ ti parí, ọmọ mi. Dókítà ní kò lè rí Ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà wà nímú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù ń pa á. Mo kéwú sí i létí, mo kì í: Àkànní, ọmọ ahunṣọ bí ẹni ń kéwì, òwú kì í pa ọmọ ahunṣọ! Ibẹ̀ ni ohùn mi ti já. Lánàá ló jẹ́wọ́ pé òun lòun mú tẹ̀sùbáà. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Màmá, oṣù márùn-ún."

"Mo mọ̀."

Inú bí Ameenat. Ó fi ìbínú náà wé ìbòrí, ó tẹ̀ lé e lọ sílé.

Ìrọ̀rí mẹ́rin ni Bùràímọ̀ fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí odò ń gbé lọ.

"O... pẹ́," ó sọ.

"Ìwọ lo jìnnà. Má sọ̀rọ̀."

Ameenat na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà, torí kò tí ì sí yìgì láàárín wọn. Ọwọ́ ìyá náà ló mú, ó sì gbé e lé ikùn ọmọ.

"Tó bá gòkè, ẹ sọ pé sùbúhánàlláhì. Tó bá ń wálẹ̀, ẹ dákẹ́. Ẹ má kánjú."

Ìyá ń sọ ọ́, ọmọ ń mí. Àìsàn kò lọ. Ẹ̀rù nìkan ló lọ, èjìká rẹ̀ sì rọ̀.

"Ameenat," Bùràímọ̀ sọ nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, "lọ fẹ́ ẹlòmíì. Opó ni màá sọ ọ́ dà."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Nítorí náà..."

"Nítorí náà, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi dì ọ́ mú."

Ó yíjú sí Ìsíátù, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àlùfáà kó wá so yìgì wa lónìí."