Ẹ̀ṣẹ́ Ìkẹyìn Tí Oyèlékè Jù

Ní ọdún tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jáde, tí rédíò tuntun ń ké láti ojúlé dé ojúlé ní Òṣòdì, kò sí ọmọdé kò sí àgbà ní àdúgbò Bọ́ládé tí kò mọ Oyèlékè akànṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Lọ́jọ́ iṣẹ́, àpò sìmẹ́ǹtì ló ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀. Lọ́jọ́ ìjà, èjìká ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé e wọlé. Ìjà mọ́kànlá ló ti jà, kò sí ẹni tó tíì dá a dùbúlẹ̀.

Akọ̀ròyìn kan wá bá a nígbà tí ìjà kejìlá kù dẹ̀dẹ̀. Ó bi í bóyá ó máa ń gbàdúrà kó tó jà, nítorí Albert, ọmọ Èjìgbò ẹ̀bá Ìsọlọ̀ tí wọ́n fẹ́ jọ jà, kì í jà láìkúnlẹ̀.

Oyèlékè bú sẹ́rìn-ín. “Àdúrà kẹ̀? Ẹ̀sìn àwọn onígbàgbọ́ yìí ló ń sọ ọkùnrin di ọ̀dẹ̀. Wọ́n gbá ọ létí ọ̀tún, o tún yí tòsì sí i. Ọlọ́run ọ̀lẹ ni wọ́n ń sìn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sí i.

Nínú ilé tí Oyèlékè háyà yàrá sí, Babáṣọlá ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Iṣẹ́ jíjó irin ló ń ṣe, ó sì jẹ́ ẹni tó ti gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn. Ó mú ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́, ó kan ilẹ̀kùn.

“Lékè, mo ka ohun tó o sọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa ni?”

“N kò wá bá ọ jiyàn. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ẹni tó gbẹ̀san, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká ẹ̀san tí kò gbà á, ta ló lágbára jù nínú wọn?”

Oyèlékè yínmú. “Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn ìyá ìjọ yín, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọjọ́ ìjà pé. Albert kúnlẹ̀ ní igun rẹ̀, ó di ojú. Oyèlékè kígbe láti igun kejì pé, “Sọ fún Jésù rẹ kó wá bá ọ gba tirẹ̀!” Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Albert kì í ṣe ẹran rírọ̀. Wọ́n jà á títí dé abala kẹfà. Nígbà náà ni ẹ̀ṣẹ́ òsì Oyèlékè bà á lẹ́bàá etí. Albert ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo Oyèlékè bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àjèjì.

Oyèlékè rí i. Ó mọ̀ pé ìjà ti parí. Rẹfirí ò tíì rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ni Oyèlékè kọ sí rẹfirí, kò jẹ́ kó rí ohun tó ń lọ níwájú. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè dá ọwọ́ náà dúró àfi ẹni tó ni ín. Ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún.

Albert kò dìde. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú sí ọsibítù.

Kò sí ẹni tó dá Oyèlékè lẹ́bi. “Eré ìdárayá ni,” ni wọ́n ń sọ. “Ṣé o fẹ́ kó kú ni?” Ó máa ń mi orí. Ṣùgbọ́n nínú ara rẹ̀, ohùn kan ń dáhùn pé, o rí i, o rí i kó o tó gbá a.

Láti ìgbà náà ni ojú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án gangan, nínú èrò Bọ́ládé, ọkùnrin kan tó ń ta aago yí padà láti kí i, ojú Albert ló fi wò ó. Oyèlékè sá gba àárín ọkọ̀ kọjá, tí wọ́n ń bú u. Bó bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì sọ̀ tó gbórí sókè, ojú náà ti ń dúró dè é. Níbi ìgbaradì, ẹni tí wọ́n jọ ń ta ẹ̀ṣẹ́ rẹ ọwọ́ sílẹ̀ láti nu òógùn, Oyèlékè sì jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ó mu ògógóró títí, àwọn ọ̀rẹ́ ń gbé e relé. Bí ọtí bá dá lójú rẹ̀, ojú Albert a tún yọ.

Nígbà tó yá, kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún kan oúnjẹ mọ́. Òsì ló fi ń jẹun.

Babáṣọlá ló ṣàkíyèsí rẹ̀ lójúde ilé. “Lékè, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

Oyèlékè fẹ́ purọ́, irọ́ náà kọ̀ kò jáde. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Babáṣọlá jókòó tì í.

“Ìyá Albert ṣì wà ní Èjìgbò,” ló sọ fún un. “Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ó máa ń béèrè rẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ń fi orúkọ rẹ sínú àdúrà.”

“Kò mọ ohun tí mo ṣe ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Oyèlékè fi bá ara rẹ̀ jà. Ní ọ̀sán Sátidé, ó tẹ̀ lé Babáṣọlá lọ.

Ìyá arúgbó náà ń bó ẹ̀gúsí ní ìloro. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ líle lè gbé e. Oyèlékè dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

“Màmá, wọ́n sọ fún yín pé ìjà ló pa á. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀, Mà. Mo rí i kí n tó gbá a.”

Àwo ẹ̀gúsí dà nù. Ìyá náà dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ níta. Oyèlékè rò ó pé yóò ké sí àwọn ará àdúgbò. Ó wù ú pàápàá kó ké sí wọn, kí wọ́n wá lu òun.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. “Kí ló dé tó o sọ fún mi? Mo ti ń gbìyànjú láti sùn.”

“Ẹ má bínú, Mà.”

“Mo bínú! Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí.” Ó ń mí gúlegúle. “Mi ò ní agbára láti dárí jì ọ́. Mo wá a nínú yàrá, mi ò rí i. Mo wá sọ fún Jésù pé tí kò bá fún mi, mi ò ní jáde.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú ọwọ́ ọ̀tún Oyèlékè. “Mo dárí jì ọ́. Ó wúwo o, ọmọ mi. Má rò pé ó fúyẹ́.”

Oyèlékè ti bá alágbára jà, kò rí irú agbára yìí rí. Èyí ni Ọlọ́run tó pè ní Ọlọ́run ọ̀lẹ. Ó wolẹ̀ sáàárín ẹ̀gúsí, ó sunkún bí ọmọdé. “Jésù, èmi ni mo ṣe é. Bí O bá lè gba irú mi, gbà mí.”

Kò ja ìjà mọ́. Ó padà lọ sọ òtítọ́ fún olùkọ́ rẹ̀ àti rẹfirí. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín, àwọn kan kò kí i mọ́. Ojú Albert ṣì máa ń wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò sá fún un mọ́. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ó ń lọ sí Èjìgbò lọ pọn omi fún ìyá Albert.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé pélébé yìí ńkọ́? O lè má tíì pa ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwọ nìkan mọ̀, tí ayé ti dá ọ láre lé lórí, tí ọkàn rẹ kò dá ọ láre. Ọtí kò lè wẹ̀ ẹ́. Owó ìgbà yìí kò lè rà á kúrò. O lè máa fi àwọn onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gàn rẹ kò dí Jésù lọ́wọ́ láti kú fún ọ.

Má ká ìwé yìí sápò kó o ní ó di ọ̀la. Albert náà ní ọ̀la lọ́kàn. Níbi tó o wà yẹn, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ níwájú Olùgbàlà. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohùn rẹ ni Ó ń dúró de.