Iná Kò Rí Ẹni Tó Jókòó Jẹ́ẹ́

Ìjà ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí ara wọn.

Orí àkàbà ni Tẹ́júọlá wà, lójú àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan nítòsí ọjà Aswani. Ó ń tú swíìṣì tó ti pọ́n bí eyín aláṣáà kúrò lára ògiri. Ọkùnrin kan dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè.

"Àǹtí, ta ló ní kí ẹ máa tú ilé bàbá mi palẹ̀?"

"Ẹ lọ bi ẹni tó ránṣẹ́ pè mí."

"Èmi ni mo ránṣẹ́ pe oníná!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ara yín."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Abdulhameed lorúkọ rẹ̀. Àlàájì Bùràímọ̀, bàbá rẹ̀, ló kọ́ ilé náà nígbà tó ṣì ń ta aṣọ. Ní báyìí, àwọn aláṣọ ló háyà ìsàlẹ̀, àwọn télọ̀ wà láàárín, Àlàájì sì ń gbé lókè pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn. Lọ́sàn-án gangan, gílóòbù á máa tàn lójú àtẹ̀gùn, fáànù á máa fẹ́ fún àga òfìfo, epo dísù á sì máa lọ bí omi.

Iṣẹ́ Tẹ́júọlá ni láti fi òpin sí ìyẹn. Kò ní gbẹ́ ògiri, kò ní fa wáyà tuntun, torí ògiri ilé ọjọ́sí bẹ́ẹ̀, tí o bá fi òòlù kàn án, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké ló ń lẹ̀ mọ́ ibi tí swíìṣì wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà ò ní wáyà láàárín ara wọn, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá wọlé tó mira, iná á tàn. Bí wọn ò bá rí ẹni tó ń mira mọ́, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀.

Abdulhameed lẹ́nu dídùn, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀.

"Tẹ́jú mi," á ní, "tí o bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, a ò nílò jẹnẹrétọ̀ mọ́."

"Da ọ̀rọ̀ yẹn sínú táńkì, ká wò ó bóyá á ṣiṣẹ́."

Tẹ́júọlá kì í gba ẹnu gbọ́, ọwọ́ ló ń wò. Ọwọ́ Abdulhameed ò sì burú. Tí obìnrin náà bá ti gun àkàbà, á wá dì í mú látìsàlẹ̀. Àwọn télọ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọmọ onílé ti di ọmọ iṣẹ́ oníná o!" Síbẹ̀, kò ní ju àkàbà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ obìnrin náà lára, láìròtẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìlárò ni Tẹ́júọlá. Ó mọ̀ pé Àlàájì ò ní fi ojú kékeré wo ìyẹn.

"Ṣé o ti sọ̀rọ̀ mi fún bàbá rẹ?"

"Mo ti sọ, ìfẹ́ mi. Fọkàn balẹ̀."

Síbẹ̀, tó bá kúnlẹ̀ kí Àlàájì lójú àtẹ̀gùn, bàbá á kàn mirí bí ẹni tó ń kí gbogbo ayé. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn," ni Abdulhameed á wí.

Nílé wọn ní Èjìgbò, ìyá Tẹ́júọlá, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Túbọ̀sún, ò fẹ́ gbọ́ ìtàn.

"Bàbá ọmọkùnrin yìí, ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ pé o wà láyé?"

"Ó lóun ti sọ fún wọn, Màámi."

"Ó ní! Ìwọ ńkọ́, o gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta Tẹ́júọlá lára bí èsìsì.

Yàrá Àlàájì ló ṣe kẹ́yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí.

"Hameed, ṣé Bàbá mọ̀ pé mò ń yọ swíìṣì yàrá wọn?"

"Mo ti sọ fún wọn, ìfẹ́ mi. Fọkàn balẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì ọjọ́ yẹn, Tẹ́júọlá ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe. Ó sáré gòkè. Àlàájì wà lórí ẹní ìkírun, tẹsùbáà lọ́wọ́. Abdulhameed ti dé ṣáájú rẹ̀, ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo fi ẹ̀rọ sí yàrá mi?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kúùrọ̀lẹ́."

"Mo kírun tán, mo ń fa tẹsùbáà mi. Iná kú! Mo ní dísù ló tán, àṣé yàrá èmi nìkan ni. Mo dìde wá swíìṣì, iná tàn. Swíìṣì ò sí! Mo padà jókòó, ó tún kú. Ṣé ijó ni kí n máa jó níwájú Ọlọ́run Ọba ni? Nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, wọ́n kà mí mọ́ òkú!"

Ibẹ̀ ló ti yé Tẹ́júọlá. Àwọn télọ̀ ló fi ṣe òdiwọ̀n, àwọn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Kò ronú kan arúgbó tó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló ń mira lára rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé ẹ mọ̀ sí i."

"Àtẹ̀gùn àti ṣọ́ọ̀bù ni mo mọ̀ sí. Ta ló ní yàrá mi?"

Tẹ́júọlá wo Abdulhameed. Ilẹ̀ ni Abdulhameed ń wò.

Tẹ́júọlá yíjú sí Àlàájì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Ọmọ oníná ni ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ mọ̀?"

Ó gbọ́ ọ báyìí, lẹ́nu bàbá. Ó jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

Iná kú.

"Ẹ rí i, Bàbá," Tẹ́júọlá wí nínú òkùnkùn, "kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ yìí ò rí i. Hameed wà níbí. Kò rí i. Èmi náà ò rí i mọ́. Lọ́la, màá dá swíìṣì yín padà. Mi ò sì ní gun àtẹ̀gùn ilé yìí mọ́."

Àga dún gbì. Iná tàn. Abdulhameed ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni, Bàbá. Mo purọ́ fún un pé ẹ mọ̀ nípa yàrá. Mo tún purọ́ fún un pé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Tẹ́júọlá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun sì ni mo fẹ́ fẹ́. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Àlàájì na tẹsùbáà sí i. "Ṣé àfi kí iná kú kí o tó lẹ́nu?" Ó yíjú sí Tẹ́júọlá. "Ìwọ, o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi."

"Kó máa bí ọ. Èmi náà, inú ń bí mi. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kò dùn mọ́ mi, a máa jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n dá swíìṣì mi padà ná."

Lọ́jọ́ kejì, Tẹ́júọlá tú ẹ̀rọ náà kúrò lókè. Abdulhameed di àkàbà mú.

"Olólùfẹ́ mi, ojú rẹ bí..."

"Di àkàbà mú."

Kò fi swíìṣì tuntun tí kò ní wáyà sókè. Ìsàlẹ̀ ló fi í sí, lẹ́bàá ẹní ìkírun, níbi tí ọwọ́ bàbá á tó láìdìde. Àlàájì tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Ó tẹ̀ ẹ́, iná kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Hameed, ìgbà wo lo máa lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀?"

"Bàbá, tí Ọlọ́run bá yọ̀ǹda..."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́la, Sọ́ńdè."

"Lẹ́yìn ìsìn," Tẹ́júọlá wí lẹ́bàá àkàbà.

"Èmi náà ń bọ̀," ni Àlàájì wí. Ó gbé ìka lé swíìṣì. "Tí o bá tún lọ jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀, Hameed, èmi gan-an ni màá pa iná."